Àpótí Kámẹ́rà Ṣọ́ọ̀bù Wa: Ọjọ́ Mélòó Ló Lè Rántí?

Ohùn mẹ́rin tí àdímíìnì fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú la tẹ̀ síbí, fún àwọn tí détà wọn ò gbé ohùn.

  Èmi àdímíìnì yín ni.  Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ṣèlérí pé màá sọ̀rọ̀ lórí kámẹ́rà, nítorí ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń ta táyà bi wá níbí. Wọ́n ní kámẹ́rà mẹ́rin wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn, àwọn fẹ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n wá ní ṣé kì í ṣe pé ẹni tó bá àwọn so ó ló nu ún.

Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó nu ún o. Àpótí yẹn fúnra ẹ̀ ló nu ún. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo parí, prófíṣọ̀n ni mo ń tà, gbogbo yín lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, owó mi ló bá a lọ, ó sì tún mú ohun tó ju owó lọ kúrò lọ́wọ́ mi. Màá dé ibẹ̀.

Àpótí tá à ń sọ yìí, DVR ni wọ́n ń pè é. Wáyà kámẹ́rà ló ń wọ ẹ̀yìn ẹ̀, àwòrán sì ń jáde sí tẹlifíṣọ̀n. Nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún, irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó wúwo díẹ̀. Òun ni hard disk. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá rí ń sùn sí. Àwa tá a wà ní Kwali, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìkòkò ṣòro fún wa. Ìlú tí Ladi Kwali ti mọ ìkòkò rèé, tí àwòrán ìyá náà fi wà lẹ́yìn ogún náírà dòní. Ẹ wo hard disk bí àmù. Kámẹ́rà ń pọn omi sínú ẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí àmù bá kún, àpótí ò ní pariwo pé ó ti tó o. Á da omi tó pẹ́ jù nínú ẹ̀ nù, á fi tuntun sí i. Bó bá jẹ́ àmù kékeré, omi ọjọ́ mélòó kan lẹ máa bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ńlá, ti oṣù kan lè wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àwọn kan mọ̀ ọ́n nínú yín, ẹ má bínú pé ẹ tún ń gbọ́ ọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá bá mi gbé láti Ìsẹ́yìn. Ọmọ ogún ọdún ni. Ó bá mi tajà fún ọdún kan àtààbọ̀, mi ò sì rí àléébù kan lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó di ìparí oṣù kan, a ka ọjà, páálí mílíìkì mẹ́tàlá ò sí níbẹ̀. Mẹ́tàlá! Ó wà nínú ìwé, kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti òun nìkan la jọ ń ṣí ibẹ̀. Mo ní kò burú, kámẹ́rà ṣáà wà. Mo pe ẹni tó so ó, ó wá, ó tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù la kó mílíìkì yẹn wọlé, ọgbọ̀nọjọ́ la kà á. Kámẹ́rà mi ò rántí ju ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn lọ.

Ọmọ yìí ń sunkún. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé èmi kọ́." Ẹ gbọ́ mi o, òun gan-an ló ń bẹ̀ mí pé kí n wo kámẹ́rà. Ẹni tó bá jalè kì í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá wo kámẹ́rà. Mi ò ro ìyẹn nígbà yẹn. Ohun tó ti ẹnu mi jáde ni pé nítorí ó mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sanwó mọ́tò fún un, mo ní kó máa lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, oníbàárà mi kan láti ọ̀nà Yangoji wọlé, wọ́n kó owó kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Owó páálí mẹ́tàlá tẹ́ ẹ fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́sí nìyí."

Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Èmi ni. Èmi fúnra mi ni mo dúró ti oníkẹ̀kẹ́, tí mo ń ka páálí sínú ẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí ọjà náà wọlé. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, bí èyí ṣe ń pè mí ni tọ̀hún ń pè mí, mi ò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní hard disk mi lè rántí ọjọ́ mẹ́tàlélógún péré, ara mi ni mi ò bá rí nínú tẹlifíṣọ̀n, tí mò ń gbé mílíìkì mi.

Mo lọ Ìsẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn. Ọmọ náà ní òun ti dárí jì mí, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò bá mi padà. Iṣẹ́ alumíníọ̀mù ló ń kọ́ báyìí. Tí mo bá pè é, ó máa ń dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Tẹ́lẹ̀, "Àǹtí mi" ló ń pè mí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpótí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ó ṣí i, ó fi hàn mí. 500GB ni, inú kọ̀ǹpútà àlòkù ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Èmi ni mo sì ní kí wọ́n bá mi wá èyí tí ò wọ́n, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wá kọ́ mi ní ìṣirò kan, ẹ mú bíírò. Bí kámẹ́rà ṣe ń kọ àwòrán sílẹ̀, Mbps ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. 1Mbps, bó bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di àárọ̀, á jẹ 10.8GB. Tèmi wà lórí 2Mbps, ìyẹn 21.6GB fún kámẹ́rà kan lójúmọ́. Mẹ́rin ni mo ní, ó di 86.4GB lójúmọ́. Ẹ wá fi pín in: 500GB ò pé ọjọ́ mẹ́fà. 1TB, ọjọ́ mọ́kànlá àti díẹ̀. 2TB, ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Ẹ̀ ń rí i? Ọjọ́ mẹ́tàlélógún. 4TB, ó lé ní ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Bí tiyín bá wà lórí 4Mbps, ẹ pín gbogbo ẹ̀ sí méjì. Bí àpótí yín bá ní H.265, ẹ yàn án dípò H.264. Àwòrán kan náà ló máa gbé, àyè tó máa gbà sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Ẹnìkan máa ní, àdímíìnì, ṣé a ò lè ní kó máa gba àwòrán sílẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń mira nìkan? Ó ṣeé ṣe, ó sì ń fi àyè pamọ́. Mo ṣe é fún kámẹ́rà ẹ̀yìn, níbi tí ológbò nìkan ti ń kọjá. Ti orí káńtà, mi ò gbà. Nígbà míì ó máa ń pẹ́ kó tó jí, ọwọ́ tó mú nǹkan á sì ti padà sápò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ rà? Èrò tèmi rèé, bó bá yàtọ̀ sí ti ẹnjiníà yín, ẹ bi wọ́n dáadáa. Ẹ wo iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ń ka ọjà. Bó bá jẹ́ oṣù oṣù lẹ̀ ń kà á, àpótí tí ò lè rántí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ò lè gbà yín sílẹ̀, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé nǹkan sọnù, omi yẹn ti dànù. Yálà kẹ́ ẹ ra ńlá tàbí kẹ́ ẹ máa ka ọjà léraléra. Èmi ṣe méjèèjì. 2TB ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì méjì la sì ń ka ọjà.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ bèèrè ohun tí àpótí yín lè gbà. Ó wà nínú ìwé tó bá a wá, tàbí kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn àtijọ́ kan wà tí wọn ò lè kà kọjá 2TB. Bí ẹ bá ki 4TB sí irú wọn, ó lè má rí i rárá, tàbí kó rí ìdajì ẹ̀, ẹ ó ti fi owó ìdajì kejì ṣòfò. Ọ̀pọ̀ àwọn kékeré yìí, àyè hard disk kan ṣoṣo ló wà nínú wọn.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ irú èyí tẹ́ ẹ máa rà, ẹ má ra ti láptọ́ọ̀pù, ẹ má sì ra ti kọ̀ǹpútà ilé. Èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà wà lọ́tọ̀. WD Purple wà, Seagate SkyHawk wà, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà. Ọdún kan, wákàtí 8,760 ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ti kámẹ́rà yìí, wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ gbogbo wákàtí yẹn láìsinmi. Èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ilé, èrò wọn ni pé ẹ máa pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ wá mú un, ẹ ní kó má sùn mọ́ láé. Ó máa ṣiṣẹ́ o, ó lè ṣe é fún ọdún kan. Ọjọ́ tó máa kú ni ò ní sọ fún yín.

Lórí ọ̀rọ̀ àlòkù tí wọ́n ń tà bíi tuntun, ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan o. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn oníròyìn Heise ní Jámánì gbé e jáde pé àwọn èèyàn ra hard disk Seagate bíi tuntun, àṣé wọ́n ti lò ó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Àwọn kan ti nu àkọsílẹ̀ wákàtí tó wà lára ẹ̀ padà sí òdo. Wọ́n fura pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi hard disk wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Chia ni wọ́n ti kó o jáde. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí òyìnbó, ta ni èmi tí mò ń lọ láti Kwali sí Banex ní Wuse? Nítorí náà, ẹ ka nọ́ńbà ara ẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bù ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n á sọ bóyá gàràǹtì ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sínú ẹ̀. Ti owó, mi ò ní dárúkọ iye kan, torí bí dọ́là ṣe ń lọ ló ń lọ. Ẹ bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta.

Ọjọ́ tá a pààrọ̀ ẹ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo sì ń wò ó. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kọ́kọ́ fi mouse lọ sórí ibi tẹ́ ẹ ti lè pa àpótí náà, ẹ pa á níbẹ̀, kó tó kan wáyà iná. Ẹ má kàn fà á yọ. Irin inú ẹ̀ ṣì ń yí, tẹ́ ẹ bá fà á nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́, ó lè ṣe ara ẹ̀ léṣe. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yọ wáyà iná kúrò pátápátá. Ẹ yọ síkúrù, ẹ ṣí ideri. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì nínú ẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí ara wa máa ń ta pá-pá. Síkúrù mẹ́rin tó di hard disk mú, abẹ́ àpótí ló wà. Wáyà méjì ló so mọ́ ọn, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún iṣẹ́. Ẹnu wọn ní igun, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà wọlé. Bó bá ń kọ̀, ẹ yí i padà, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́, ẹ dè é le, torí èyí tí kò le máa ń gbọ̀n.

Bẹ́ ẹ bá tan án, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Storage tàbí HDD sí. Ẹ máa rí tuntun níbẹ̀, àpótí á ní kẹ́ ẹ Format tàbí kẹ́ ẹ Initialize. Ẹ ṣe é. Ìyẹn nìkan ló máa jẹ́ kó lè kọ̀wé sínú ẹ̀. Ẹ wò ó pé Overwrite wà ní títàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá kún ló máa dákẹ́. Bí àpótí bá wá ń tàn tó ń kú, tàbí tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé adáptọ̀ iná ẹ̀ ò lágbára tó láti gbé hard disk tuntun. Ẹ pààrọ̀ adáptọ̀ kẹ́ ẹ tó bú ẹni tó tà á fún yín.

Kí lẹ máa fi ti àtijọ́ ṣe? Ẹ má tà á, ẹ má fún ọmọ láti fi gba fíìmù. Gbogbo ohun tó ti rí ṣì wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà lè má mọ èdè ẹ̀, á wá bi yín pé ṣé kí òun Format ẹ̀. Ẹ ní rárá o! Inú àpótí tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ ló ti máa sọ̀rọ̀. Bí ọ̀ràn bá dé, ẹ dá a padà síbẹ̀, ẹ wò ó, ẹ da ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sínú flash.

Aago ẹ̀ ńkọ́? Èyí ló máa ń dùn mí jù, torí kò ná wa ní nǹkan kan, a ò sì kì í wò ó. Bátìrì pẹlẹbẹ kan bíi ti aago ọwọ́ wà nínú àpótí. Bó bá kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago á sọnù, ẹ ó wá rí àwòrán olè tó wá lánàá, ọdún 2000 ló kọ sára ẹ̀. Òfin ẹ̀rí ilẹ̀ wa, Evidence Act ti 2011, abala 84 ẹ̀ ló sọ bí kóòtù ṣe máa gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ó fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò yẹn, ó sì fẹ́ ìwé tí ẹni tó ń mójú tó o fọwọ́ sí. Ta ló máa fọwọ́ sí i fún yín pé àpótí tó ń pe ọdún yìí ní ọdún 2000 ń ṣiṣẹ́ dáadáa?

Ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ò nílò kí n sọ ọ́. Ẹ wá UPS kékeré fún un, tàbí kẹ́ ẹ so ó mọ́ inverter bẹ́ ẹ bá ní. Bí iná bá ṣẹ́ lójijì lẹ́ẹ̀kẹwàá lójúmọ́, kò sí hard disk tó fẹ́ràn ẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó.

Iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ gbé fún yín lálẹ́ yìí kò gba kọ́bọ̀. Lọ́la tẹ́ ẹ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí oníbàárà tó pọ̀, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ti ẹ̀yìn, Playback. Ẹ wá ọjọ́ tó pẹ́ jù tó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kà á sẹ́yìn láti òní. Ẹ kọ iye ọjọ́ yẹn síbí, kámẹ́rà mélòó lẹ ní, àti iye TB bẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ méjì, kó má tijú, tèmi ò ju márùn-ún lọ lọ́jọ́ tí mo lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n onítáyà, ẹ ya fọ́tò ìdí àpótí yín fún mi, níbi tí nọ́ńbà wà, ẹ jù ú síbí. Ẹnjiníà tó ṣe tèmi ti wọ inú gúrúùpù láti ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sọ èyí tó lè gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ń fi fídíò ìgbéyàwó ránṣẹ́ láti àárọ̀, ẹ dá a dúró ná, ẹ jẹ́ ká rí nọ́ńbà àpótí àwọn èèyàn. Ẹ kú alẹ́ o.